Ọwọ́ Tó Rọ, Ọkàn Tó Balẹ̀: Ìtàn Bí Ìtùra Ara àti Awò VR Ṣe Di Ìtọ́jú Rọpárọsẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ ilé kà á sí i létí.

Bóyá ẹ ti rí irú fídíò yìí rí lórí fóònù: wọ́n de awò ńlá dúdú kan mọ́ bàbá àgbà lójú, bàbá jókòó sórí àga, ó ń na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń já ọsàn lórí igi. Ẹni tó ń wò ó láti ìta kò rí igi, kò rí ọsàn. Bàbá nìkan ló ń rí i nínú awò. Wọ́n á sọ pé rọpárọsẹ̀ ló kọ lu bàbá, pé awò náà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìyanu ni. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun á sì máa béèrè pé ṣé kí àwọn ra ọ̀kan ránṣẹ́ sílé fún ìyá.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ra nǹkan, ẹ jẹ́ kí a mọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lára awò rárá.

*1. Àìsàn tí a ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́*

Àwọn baba ńlá wa kò ní ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú orí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú. Wọ́n rí i pé apá á rọ, ẹsẹ̀ á rọ, wọ́n sì pe àìsàn náà ní rọpárọsẹ̀. Ohun tí wọn kò lè rí ni pé kì í ṣe apá ló ń ṣàìsàn, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀. Ọpọlọ ni. Nítorí pé ìṣòro náà wà níbi tí ojú kò dé, ọ̀pọ̀ ló gbà pé àfiṣe ni, pé ọ̀tá ló ta nǹkan lu ènìyàn. Títí di òní, ilé mélòó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń wá ọ̀tá kiri kí wọ́n tó wá ọkọ̀ tó máa gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù?

Àwọn òyìnbó náà kò tètè mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1658, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Switzerland tó ń jẹ́ Johann Jakob Wepfer tẹ ìwé kan jáde. Ó ti la orí àwọn tí àìsàn náà pa, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ló ya sínú ọpọlọ wọn. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ ti ń tẹ̀ síwájú. Lónìí a mọ̀ pé oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì á dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, bí ìdọ̀tí ṣe ń dí páìpù omi. Nínú èkejì, iṣan náà á bẹ́. Nínú méjèèjì, apá kan ọpọlọ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó tó mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú.

*2. Ìgbà tí wọ́n ní kì í ṣe àìsàn aláwọ̀ dúdú*

Ní ayé àwọn amúnisìn, àwọn dókítà òyìnbó kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára àwa ọmọ Áfíríkà. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé àìsàn kan kò kàn, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó tú irọ́ náà fó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oṣuntokun, ọmọ Òkemẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní ọdún 1935, ló jókòó sí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ẹ rántí pé Èkìtì àti Oǹdó jọ wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà láti 1976 títí di 1996, nítorí náà ará ilé wa ni. Láti ọdún 1973 dé 1975, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni tí rọpárọsẹ̀ bá kọ lù láàárín ìlú, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1979, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Wọ́n fi nọ́ńbà hàn pé àìsàn náà wà láàárín wa, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí, ní Ìbàdàn kan náà, ló wà lára àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe síwájú. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SIREN, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Wọ́n mú ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, wọ́n fi ẹni 2,118 tí kò ní in wé wọn. Nǹkan 11 ni wọ́n rí pé ó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ikùn ńlá, ẹran jíjẹ nígbà gbogbo, àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù tó, fífi iyọ̀ kún oúnjẹ lórí tábìlì, àìsàn ọkàn, àìṣe eré ìdárayá àti sìgá mímu. Nǹkan kan tún wà láàárín wọn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ìdààmú ọkàn. Kì í ṣe àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan ló sọ ọ́ o. Ìwádìí ló sọ ọ́.

*3. Láti Ìgbòbí dé Òde Oǹdó*

Ó dáa, tí rọpárọsẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Tí ẹni náà bá yè é, ṣé ó parí nìyẹn?

Ọsibítù Ìgbòbí ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tún ara àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ṣe. Ibẹ̀ ni fisiotẹ́rápì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ wíwọ́ kọ́ ara ní bó ṣe máa tún ṣiṣẹ́. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ náà títí dé ipò dìgírì. Lónìí, ọmọ wa kò ní láti rìn jìnnà. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní Òde Oǹdó láyé Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Ojú ọ̀nà Lájé níbẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ọsibítù Trauma and Surgical Centre sí, pẹ̀lú ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fi orúkọ Gàní Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, pè.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà gbà pé ọpọlọ tó bá ti kú, ó kú náà nìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Edward Taub, ló wà lára àwọn tó yí èrò yìí padà. Ó rí i pé aláìsàn máa ń gbìyànjú láti lo ọwọ́ tó rọ, á kùnà, á tún gbìyànjú, á tún kùnà. Tó bá yá, á gbàgbé ọwọ́ náà pátápátá, ọwọ́ kejì ni á máa fi ṣe gbogbo nǹkan. Ìyẹn ni pé, lẹ́yìn ohun tí àìsàn bàjẹ́, aláìsàn fúnra rẹ̀ tún kọ́ bí a ti ń pa ọwọ́ náà tì. Taub ní kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ tó dáa, kí èyí tó rọ lè ṣiṣẹ́ tipátipá. Ní 2006, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláìsàn 222 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀nà náà ń ran àwọn tó ṣì lè mi ọwọ́ wọn díẹ̀ lọ́wọ́, kódà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọpọlọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ rírìn. Ohun tí a bá ń ṣe léraléra ni ó ń kọ́. Ìgbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà igba. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: ta ló fẹ́ gbé ife sókè ní ìgbà igba lójúmọ́?

*4. Àwọn tó kọ́ ayé bí a ti ń tu ara*

Ní Chicago ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Edmund Jacobson, tí wọ́n bí ní 1888, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí iṣan ara ṣe ń le nígbà tí ọkàn kò bá balẹ̀. Ní 1929, ó tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ rọrùn: kí ènìyàn fún apá kan lára pọ̀ díẹ̀, kó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó sì máa kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín líle àti ìtùra. Ọwọ́, èjìká, iwájú orí, títí dé ẹsẹ̀.

Ní 1932, dókítà kan ní Jámánì, Johannes Schultz, mú ọ̀nà míì wá. Tirẹ̀ kò ní ká fún ara pọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ni ènìyàn máa ń sọ sínú ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé apá òun wúwo, pé apá òun lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé mímí òun rọlẹ̀. Ní 1975, Herbert Benson, dókítà ọkàn ní Yunifásítì Harvard, kọ̀wé pé tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, tó ń tún ọ̀rọ̀ kan tàbí àdúrà kúkúrú kan sọ léraléra, mímí rẹ̀ á rọlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì dín bó ṣe ń lù kù. Ẹ̀yin ìyá tó ń gba ìlẹ̀kẹ̀ rosary lọ́wọ́, ẹ̀yin àlùfáà tó ń ka tẹ̀sùbáà, ẹ̀yin tó ń tún orúkọ Olúwa pè nínú òkùnkùn òru, ẹ kò ní ṣe kàyéfì sí ìyẹn.

Kí ló kan rọpárọsẹ̀ nínú èyí? Ó kàn án gidigidi. Nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, bí ẹnì kan ni ìbànújẹ́ ọkàn tó le máa ń bá. Ọ̀pọ̀ mìíràn ló ń bẹ̀rù: wọ́n ń bẹ̀rù àtiṣubú, wọ́n ń bẹ̀rù pé àìsàn náà á padà wá, ojú ń tì wọ́n pé ọmọ wọn ló ń wẹ̀ fún wọn. Apá tó ti le gan-gan sì máa ń le sí i tí ènìyàn bá bínú, tí ẹ̀rù bá bà á, tí nǹkan bá ń dùn ún tàbí tí òtútù bá mú un. Ẹ ti rí i rí: ẹ ní kí ìyá la ọwọ́, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń pariwo pé "Ẹ là á, màmá, ẹ là á!", ọwọ́ náà á sì túbọ̀ ká jọ. Màmá kò ṣe orí kunkun. Ariwo yín ló ń dì í.

Ní 2016, Ian Kneebone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí kékeré kan. Ẹni 21 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti ní rọpárọsẹ̀, ọkàn wọn kò sì balẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní CD tí wọ́n gba ohùn ìtùra sí, irú ọ̀nà ti Schultz, pé kí wọ́n máa gbọ́ ọ nílé ní ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀ fún oṣù kan. Ìdààmú ọkàn àwọn tó gbọ́ ọ dín kù ju ti àwọn tí kò gbọ́ lọ. Ènìyàn díẹ̀ ni o, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rọrùn tó: ohùn ènìyàn, àga, ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

*5. Láti ara dígí dé ara awò*

Ìtàn kejì bẹ̀rẹ̀ lára dígí. Ní 1999, Eric Altschuler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé dígí síwájú aláìsàn rọpárọsẹ̀ mẹ́sàn-án. Aláìsàn á fi ọwọ́ tó rọ pamọ́ sẹ́yìn dígí, á máa mi ọwọ́ tó dáa níwájú rẹ̀. Tó bá wo inú dígí, ó máa dà bíi pé ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ojú ń sọ fún ọpọlọ pé, "Wò ó, ọwọ́ yìí ṣì wà o." Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé dígí ń ṣèrànwọ́ tí a bá fi kún ìtọ́jú tó kù. Dígí kan ṣoṣo!

Awò náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1968, Ivan Sutherland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́. Ó wúwo débi pé orí àjà ni wọ́n so ó kọ́ kí ó má bàa ṣẹ́ ènìyàn lọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ wá ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ní 2006, ẹ̀rọ eré kan tó ń jẹ́ Wii jáde: ẹni tó bá di ọ̀pá rẹ̀ mú, tó ju ọwọ́, ẹni inú tẹlifíṣọ̀n náà á ju ọwọ́. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì rí i, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, aláìsàn wa tó ń sọ pé ó rẹ òun lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, ó ju bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ yìí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ó tún ń rẹ́rìn-ín." Nígbà tí Facebook ra ilé iṣẹ́ Oculus ní 2014, awò orí bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ohun tí a ń pè ní virtual reality, tí àwọn ọmọ ń pè ní VR, wọ ọsibítù nìyẹn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti là etí yín dáadáa rèé. Ní 2017, Kate Laver ní Ọsirélíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 72 jọ, pẹ̀lú aláìsàn 2,470. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí a bá fi VR rọ́pò ìtọ́jú tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sàn jù ú lọ fún ọwọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá fi kún un, tí aláìsàn fi ń ṣe ìdárayá púpọ̀ sí i, ó lè ran ọwọ́ náà lọ́wọ́. Ní kúkúrú, ìdárayá púpọ̀ ni òògùn náà. Awò kàn ń mú kí ènìyàn fẹ́ láti ṣe é ni.

Ìwádìí kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìyá mọ̀. Ní 2016, Gustavo Saposnik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà, Àjẹntínà, Peru àti Thailand pín aláìsàn 141 sí ọ̀nà méjì. Ìdajì ń ṣeré Wii. Ìdajì kejì ń ta káàdì, wọ́n ń ta bíńgò, wọ́n ń to igi pẹlẹbẹ léra, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù. Ìgbà mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n wọn agbára ọwọ́ wọn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ olówó ńlá àti káàdì olówó pọ́ọ́kú, ibì kan náà ni wọ́n gbé ènìyàn dé.

*6. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé*

Ẹ wá wo bí ìtùra ṣe wọ ọ̀rọ̀ awò. Awò VR ní àléébù. Ó máa ń kọ́ àwọn kan lóòyì, á sì máa rìn wọ́n bí ìgbà tí ọkọ̀ ń gbé ènìyàn. Àgbàlagbà tí kò dé irú rẹ̀ rí lè bẹ̀rù nígbà tí yàrá rẹ̀ pòórá, tó bá ara rẹ̀ nínú igbó kan. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ara rẹ̀ á le, ọwọ́ rẹ̀ á ká, kò sì ní kọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi bọ́gbọ́n mu pé kí a kọ́kọ́ tu aláìsàn lára kí a tó gbé awò wọ̀ ọ́: kí ó mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí èjìká rẹ̀ rọlẹ̀, kí ó mọ̀ pé òun lè ní kí wọ́n bọ́ awò náà nígbàkígbà. Ọ̀nà kejì ni pé awò náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ohun ìtùra: àwọn kan ń fi í han aláìsàn ní etí òkun tàbí ọgbà òdòdó, kí ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí lórí pípa méjèèjì pọ̀ ṣì kéré, nítorí náà ẹni tó bá ní ó ń wo rọpárọsẹ̀ sàn pátápátá, owó yín ló ń wò.

*7. Ohun tó ti wà nílé tiwa*

Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti fi VR tọ́jú àwọn tí ẹ̀yìn ń ro, wọ́n sì fi í wé ìtọ́jú inú ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe fídíò ìdárayá fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, lédè Yorùbá, kí aláìsàn lè máa wò ó nílé kó sì máa ṣe é, nítorí wọ́n mọ̀ pé owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ le fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìmọ̀ náà ti wà láàárín wa, pẹ̀lú èdè wa.

Tí káàdì àti bíńgò bá lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ni ayò ọlọ́pọ́n máa ṣe? Ihò 12, ọmọ ayò 48. Ẹ fi ìka mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ wọ́n sínú ihò, ẹ kà, ẹ ronú, ẹ bú ara yín díẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín. Ìka ń ṣiṣẹ́, ojú ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ń ṣírò. Ẹ̀gúsí bíbó ńkọ́? Ẹ̀wà ṣíṣà ńkọ́? Wọn kò ṣe ìwádìí ayò bí wọ́n ṣe ṣe ti Wii, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ń wá: iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀, tí ọkàn fẹ́, tí a lè ṣe léraléra.

*8. Bí ẹ ṣe lè ṣe é nílé*

Ẹ kọ́kọ́ bá oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì sọ̀rọ̀, kó yẹ aláìsàn wò, kó sì sọ ohun tí ara rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà:

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn jókòó lórí àga tó ní ẹ̀yìn. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá tó rọ. Ẹ má fà á lápá láti gbé e dìde láéláé, èjìká rẹ̀ lè yẹ̀.

Ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Kí ó fi imú mí sínú, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́rin. Kí ó mí jáde, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kó má dá èémí dúró.

Kí ẹnì kan tó ní ohùn jẹ́jẹ́ máa sọ fún un pé, "Iwájú orí yín ń tura. Èjìká yín ń rọlẹ̀. Ọwọ́ yín lọ́ wọ́ọ́rọ́." Schultz ní kí wọ́n máa sọ pé apá wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tí apá rẹ̀ ti wúwo láti ìgbà àìsàn kò nílò kí a tún rán an létí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífún ara pọ̀ ti Jacobson: ẹ má lò ó fún apá tó ti le.

Kí ó di ojú, kí ó fojú inú rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbé ife omi. Ìwádìí ti fi hàn pé ríro ìṣípòpadà lọ́kàn ń ṣèrànwọ́ tí a bá fi kún ṣíṣe é gan-an.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: dígí, ayò, ẹ̀gúsí, tàbí awò VR tí ẹ bá ní in. Tí awò bá ni, kó wà lórí ìjókòó, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wárápá bá ń mú, kó má dé e láìjẹ́ pé dókítà ní kó dé e. Tí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ bọ́ ọ kíá.

Ẹ má pariwo. Tí ọwọ́ bá ká, ẹ dúró, ẹ padà sí mímí.

Ìtùra kì í ṣe òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ẹni tó ń lo òògùn, kó má tìtorí pé ara rẹ̀ tù ú kó jù ú nù.

*9. Èyí tó ṣe pàtàkì jù*

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí wà fún ẹni tó bá yè é. Kí a tó débẹ̀, ẹ mọ àmì rẹ̀. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ẹ ní kó gbé apá méjèèjì sókè: ṣé ọ̀kan ń já wálẹ̀? Ẹ ní kó sọ̀rọ̀: ṣé ahọ́n rẹ̀ ń lọ́? Tí ọ̀kan bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo aago, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Òògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni ó wúlò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàwòrán ọpọlọ kí wọ́n mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní omi tàbí òògùn gbé mì, nítorí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ fún un á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń béèrè pé ṣé kí ẹ ra awò ránṣẹ́: tí owó bá wà, tí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì bá gbà, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi owó náà ra ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ san owó fisiotẹ́rápì oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ pe màmá lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ohùn yín ṣe ìtùra fún un. Kò sí awò tó lè ṣe ìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, tí ẹnì kan nínú yín bá ti dáwọ́ ìpàdé dúró láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, ẹ má fi owó ìrànwọ́ nìkan ránṣẹ́. Ẹ gbé ọpọ́n ayò dání, ẹ lọ jókòó tì í. Ọwọ́ tó rọ kì í ṣe ọwọ́ tó kú.

Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní ìlera o. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Òun gan-an ni a kọ ọ́ fún.